Ẹ Má Ṣe So Iná Ilé Mọ́ Wáyà Ọgbà Ẹran

Nígbà tí a bá ṣe ìpàdé, ọ̀rọ̀ owó ìsìnkú, owó ilé-ìwé àti àtúnṣe ilé ìpàdé ni ó máa ń gba gbogbo àkókò wa. Mo bẹ Olóòtú kí ó fún mi ní àyè nínú ìwé yìí láti sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn, tí ó sì lè ba orúkọ gbogbo wa jẹ́ ní ìlú onílùú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti wáyà oníná tí àwọn kan nínú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí fi yí ẹran wọn ká.

Gbogbo wa mọ ohun tí ó fà á. Èrè ọjà kò dúró lójú kan mọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń tajà ní Sabon Tasha, ní Kakuri, ní Tudun Wada tàbí ní ọjà ńlá àárín ìlú ti wá ilẹ̀ kékeré sí ẹ̀yìn ìlú, ní ọ̀nà Gonin Gora, ní Mando, ní Rigachikun, tí wọ́n ń sin àgùntàn, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ. Iṣẹ́ rere ni. Ẹni tí ó ní àgbò mẹ́wàá nílẹ̀ kí Iléyá tó dé kò ní sùn nínú ẹ̀rù owó ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kò mọ ààlà. Bí ó bá jáde, oko àgbàdo tàbí oko ọkà bàbà ẹlòmíràn ni yóò wọ̀, kí a sì tó mọ̀, ẹjọ́ ti dé iwájú Mai Unguwa. Bákan náà ni màlúù tí ń kọjá lè ya wọ inú ilẹ̀ tiwa, olè náà sì ń bẹ tí ń wá ẹran tí kò so mọ́lẹ̀. Ọ̀ràn ẹran tí ó wọ oko ti ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Òun ni ó mú kí ìjọba Èkìtì ṣe òfin lórí dída ẹran ní ọdún 2016, tí ìjọba Benue sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2017. Àwa tí a jẹ́ àlejò ní Kaduna, tí a fi ojú wa rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí ní ọdún 2000 àti ọdún 2002, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ewúrẹ́ kan ṣoṣo dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn tí a jọ ń gbé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nítorí náà n kò bá ẹni tí ó ṣe ọgbà jà. Ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fa wáyà láti inú ilé tàbí láti ara jẹnẹrétọ̀, wọ́n ń so ó ní tààrà mọ́ wáyà irin tí ó yí ọgbà ẹran ká. Wọ́n ní bí olè bá fọwọ́ kàn án, yóò mọ̀ pé òun dé ilé onílé. Ẹ̀yin ará, ìyẹn kì í ṣe ọgbà. Ikú ni a dẹ sílẹ̀ bí ìgbà tí ọdẹ bá dẹ tàkúté sí ojú ọ̀nà odò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti yé mi lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà. Iná inú ilé wa jẹ́ nǹkan bí 230 volt, kì í sì í sinmi. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ènìyàn bá di wáyà rẹ̀ mú, iṣan ọwọ́ yóò fún pọ̀, ọwọ́ kò ní lè tú, iná yóò sì máa gba àyà kọjá títí ọkàn yóò fi dúró. Kò mọ ọmọdé, kò mọ àgbà, kò mọ olè yàtọ̀ sí onílé. Bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ tutù, tí ẹni náà kò sì wọ bàtà, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọgbà oníná tòótọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà láàárín iná àti wáyà. Àwọn tí ń tà á ń pè é ní energizer; èmi yóò máa pè é ní ẹ̀rọ ọgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó iná jọ, kí ó jù ú sí ara wáyà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì sinmi bí ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Volt rẹ̀ ga, ó lè tó 5,000 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti kọjá. Ẹran tí ó bá fi imú kàn án yóò fò sẹ́yìn, yóò sì rántí. Nítorí ìsinmi tí ó wà láàárín, ọwọ́ ènìyàn lè tú kúrò lára rẹ̀. Ìlànà kan wà tí ayé jọ ń lò lórí ẹ̀rọ yìí, nọ́ńbà rẹ̀ ni IEC 60335-2-76. Ẹ wá nọ́ńbà yìí lára ẹ̀rọ tàbí nínú ìwé tí ó bá a wá kí ẹ tó sanwó. Ìlànà náà pa ààlà sí agbára tí ẹ̀rọ lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Òun náà ni ó sọ pé a kò gbọdọ̀ fi iná sí wáyà ẹlẹ́gùn-ún, nítorí ẹni tí ẹ̀gún bá há mọ́ kò lè tètè já ara rẹ̀ gbà.

Nǹkan yìí kì í ṣe ohun àná. Ní New Zealand, ní àwọn ọdún 1930, àgbẹ̀ kan tí à ń pè ní Bill Gallagher ní ẹṣin kan tí ó máa ń fi ara ha ọkọ̀ rẹ̀. Ó fi iná kékeré sí ara ọkọ̀ náà, ẹṣin sì jáwọ́. Láti ibẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 1962, ọ̀gbẹ́ni Doug Phillips ní ibi ìwádìí ọ̀gbìn Ruakura, ní orílẹ̀-èdè kan náà, tún ṣe irú ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kì í tètè kú nígbà tí koríko bá kan wáyà.

Nítòsí wa níhìn-ín ní Áfríkà, ẹ wo Kenya. Ọgbà oníná tí ó yí igbó òkè Aberdare ká, tí wọ́n parí ní ọdún 2009, gùn tó nǹkan bí 400 kìlómítà. Erin ni ó ń dá dúró kí ó má wọ oko àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà nìkan kọ́ ni ó ń dá erin dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa rìn yí i ká, láti gé igbó, láti tún ibi tí ó já so. Bí erin bá mọ̀ pé iná ti kú, yóò ti òpó ṣubú, yóò sì kọjá. Ewúrẹ́ wa náà gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Yóò dán wáyà wò lónìí, yóò dán an wò lọ́la, ọjọ́ tí iná bá kú ni yóò jáde.

Ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹni tí ó bá ra ọgbà oníná ti ra iṣẹ́ ojoojúmọ́ fún ara rẹ̀. Ọgbà tí kò ní olùtọ́jú burú ju kí a má ní ọgbà lọ, nítorí onílé ti gbẹ́kẹ̀ lé e, ó sì ti sùn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìtọ́jú náà gbà ní Kaduna yìí, nítorí ìgbà méjì tí ọdún wa pín sí kò bá wáyà ṣe ọ̀rẹ́.

Ní ìgbà òjò, koríko ni ọ̀tá. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, koríko tí a gé ní ọjọ́ Ajé lè ti ga ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e. Bí koríko tútù bá kan wáyà, iná yóò gba ara rẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ, èyí tí yóò kù fún ẹran kò ní tó nǹkan. Kí a gé abẹ́ wáyà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì pa iná kí a tó fi àdá kan ibẹ̀. Bí àrá bá ń sán, kí a ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára wáyà kí òjò tó dé, nítorí mànàmáná tí ó bá bọ́ sí wáyà yóò ba ẹ̀rọ jẹ́, ó sì lè gba ibẹ̀ wọ inú ilé.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ gbígbẹ ni ọ̀tá, èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀. Iná tí ó ta ẹran ní láti gba inú ẹran wọ ilẹ̀, kí ó sì gba ilẹ̀ padà sí ẹ̀rọ, nípasẹ̀ irin tí a rì mọ́lẹ̀, tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ilẹ̀ pupa wa le bí òkúta, iná kò rí ọ̀nà gbà. Ẹran yóò fara kan wáyà, kò sì ní mọ nǹkan kan. Ẹni náà yóò sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, yóò lọ ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ni ó gbẹ. Kí a rì tó irin mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlẹ̀ tó mítà kan àbọ̀ sí méjì, kí wọ́n jìnnà sí ara wọn tó mítà mẹ́ta, kí a fi wáyà kan so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Kí wọ́n jìnnà sí ẹ́ẹ̀tì ti ilé tó mítà mẹ́wàá, ó kéré tán. Ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí dára fún un. Ní oṣù ọyẹ́, kí a máa bu omi sí ìdí àwọn irin náà. Ọ̀nà mìíràn ni kí a pín àwọn wáyà ọgbà: ọ̀kan ní iná, èyí tí ó tẹ̀lé e kò ní, ṣùgbọ́n ó so mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Ẹran tí ó bá ki orí bọ àárín wọn yóò kan méjèèjì pọ̀, ilẹ̀ ìbáà gbẹ tàbí kí ó tutù.

Ní ti iná tí ẹ̀rọ ń lò, ẹ má fi ọkàn tán NEPA, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é títí di òní. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà ńlá tí ń gbé iná wá sí Àríwá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wà nínú òkùnkùn fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọgbà tí ó gbẹ́kẹ̀ lé iná ìlú di okùn aṣọ lásán ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń lo bátìrì 12 volt àti sólà ni ó bá wa mu, nítorí oòrùn Kaduna kì í ṣe ahun. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú sólà, nítorí náà kí a máa fi aṣọ tútù nù ún ní àràárọ̀. Kí a fọ orí bátìrì kí ó má dípẹtà. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi, omi bátìrì gan-an ni kí a fi kún un, kí a má ṣe fi omi kànga. Kí a má jẹ́ kí bátìrì gbẹ tán kí a tó gba iná sí i, nítorí bátìrì tí a bá ń fà gbẹ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kú.

Nípa àtúnṣe, kí a ra tẹ́sítà wáyà ọgbà. Ti iná ilé kò lè wọn irú volt yìí, ó lè bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a fi wọn ìparí wáyà tí ó jìnnà sí ẹ̀rọ jù. Bí ó bá tó 4,000 volt, ọkàn wa balẹ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ sí 2,000, iná ń jò níbìkan; irun ara àgùntàn àti ewúrẹ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Kí a yọ ìdajì ọgbà kúrò, kí a wọn ìdajì tí ó kù. Ìhà tí volt bá ti lọ sílẹ̀ ni àìsàn wà. Kí a tún máa pín in bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé ibẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò ní tẹ́sítà lè gbé rédíò kékeré dání, kí ó yí i sí AM, sí ibi tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan, kí ó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ibi tí ìró kẹ́-kẹ́-kẹ́ bá ti le jù ni iná ti ń jò.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ike tí ó gba wáyà kúrò lára òpó ni yóò ti là nítorí oòrùn. Kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kí a má ṣe fi ọ̀rá tàbí àkísà dí i. Bí wáyà bá já, kí a fi irú wáyà kan náà so ó, kí a sì fún un pinpin. Bí a bá fi wáyà kọ́pà so mọ́ wáyà irin, ojú ìsokọ́ra náà yóò jẹ. Wáyà rere àti òpó irin wà ní Panteka fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yàn. Fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, wáyà márùn-ún ni ó yẹ, kí ti ìsàlẹ̀ ga tó 15 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀, kí ti òkè tó mítà kan. Fún ẹlẹ́dẹ̀, méjì tó, ní nǹkan bí 20 àti 45 sẹ̀ǹtímítà, nítorí imú ni ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wá ọ̀nà. Ẹran tuntun, kí a kọ́kọ́ fi sí ààyè kékeré fún ọjọ́ mélòó kan kí ó mọ ohun tí wáyà jẹ́, kí ó má ba à fi ìpayà sá la gbogbo rẹ̀ kọjá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, “Akọ̀wé, níbo ni kí n ti rí owó ẹ̀rọ?” Oníṣòwò ni èmi náà, mo mọ bí ọjà ti rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní owó ẹ̀rọ, botuje wà. Àwọn Hausa ń pè é ní bi-ni-da-zugu, wọ́n sì ti fi ń ṣe ọgbà kí a tó dé ìlú yìí. Kí a gé ẹ̀ka rẹ̀, kí a rì í súnmọ́ ara wọn nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹran kì í jẹ ewé rẹ̀. Kí a kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé nìkan pé kí wọ́n má jẹ èso rẹ̀, májèlé ni. Kò sí ìtìjú nínú ọgbà botuje. Ìtìjú wà nínú òkú ọmọ aládùúgbò.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé olè ni àwọn ń lé. Ẹ̀yin ará, ta ni ó dá yín lójú pé olè ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan wáyà náà? Ọmọ tí ó ń lé bọ́ọ̀lù ni, tàbí ọmọ darandaran tí ó wá omi, tàbí ìyàwó yín tí ó jí lóru láti wo ẹran tí ń ké. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ olè, ọlọ́pàá yóò dé, ìdílé òkú yóò dé, kò sì sí ẹni tí yóò dárúkọ ẹnìkan ṣoṣo, wọn yóò ní, “Àwọn Yorùbá ni.” Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n ní ìlú onílùú, gbogbo ará ilé ni eérú náà ń bà.

Nítorí náà mo gbé àbá mẹ́rin wá síwájú Ẹgbẹ́ fún ìpàdé tí ń bọ̀. Èkíní, kí Ẹgbẹ́ fi ẹnu kò pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ so iná ilé tàbí ti jẹnẹrétọ̀ mọ́ wáyà ọgbà, àti pé ẹni tí ó bá ṣe é lẹ́yìn ìkìlọ̀ kò ní rí owó Ẹgbẹ́ fi gba agbẹjọ́rò. Èkejì, kí a fi owó àpò ra tẹ́sítà kan, kí ó wà lọ́wọ́ akápò, kí ẹnikẹ́ni tí ó ní ọgbà oníná máa yá a lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a yan ọ̀dọ́ méjì tí ó mọ iṣẹ́ iná láti máa yẹ ọgbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wò ní ìgbà méjì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti kí ọyẹ́ tó dé, kí olọ́gbà sì fún wọn ní owó ọkọ̀. Ẹ̀kẹrin, kí gbogbo ọgbà oníná ní pátákó ìkìlọ̀ ní gbogbo ibi tí ènìyàn lè gbà kọjá, ní èdè Hausa, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá. Kí a kọ “Hattara! Wutar lantarki” gàdàgbà-gadagba, kí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́ pẹ̀lú, kí a sì ya àwòrán ọwọ́ àti mànàmáná sí i fún ẹni tí kò mọ̀wé. Kí olọ́gbà náà lọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí Mai Unguwa àti àwọn tí ilẹ̀ wọn bá tirẹ̀ pààlà, kí ó fi ẹ̀rọ hàn wọ́n, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ kí ó tó tan iná.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àbá tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní iná ilé lára wáyà ọgbà rẹ̀ ní alẹ́ òní, n kò bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró de ìpàdé. Kí ó dìde nísinsìnyí, kí ó lọ pa á, kí ó sì já a kúrò. Ẹran tí olè bá jí, a ó rà òmíràn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ohun tí a kò lè rà padà.

Èmi ni ti yín nínú iṣẹ́ Ẹgbẹ́,
Akọ̀wé Ẹ̀ka Kaduna.